Ìlà Kékeré Méjì Lábẹ́ Ìkíni

Mo ti pinnu pé kí n tó jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, màá ti yọ Ìyá Ẹkáàárọ̀ kúrò lórí lísìtì. Kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ mí. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo ti fi ń mú sùúrù fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé sùúrù ọjọ́ mẹ́ta gan-an, mo máa ń yá a ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi kí ẹ tó pè mí ní ìkà. Àwa bí irínwó èèyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú kan ara wa rí, la jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan. Ètò náà ló ń ṣọ́ fíríìjì tí àwọn ilé ìwòsàn ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí. Tẹ́mómítà á wà nínú fíríìjì, ètò wa á máa ka ohun tó bá sọ, bí ibẹ̀ bá gbóná jù tàbí tó tutù jù, á figbe ta. A kì í tà á fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó bá wù lè gbà á, kó tú inú ẹ̀ wò, kó tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe, kó sì dá a padà fún gbogbo wa. Torí pé oníkálukú wà nílé ẹ̀, lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. O kọ lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí lísìtì, ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo irínwó.

Èmi ni mò ń tọ́jú lísìtì. Ìyá Lísìtì ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì bí ẹyọ ọmọ kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, lísìtì kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tan ètò, ẹni tó ń bá ẹlòmíì jà lórí iṣẹ́, ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kú ọjọ́ ìbí, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń da ọ̀rọ̀ sí. Mo pín in sọ́nà mẹ́ta: Ìkéde, Ìbéèrè, Iṣẹ́. Mo ṣòfin, mo lé aláriwo, mo sì gbádùn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, inú mi máa ń dùn tí nǹkan bá tò.

Òfin tí mo fi ń yangàn jù lọ ni ti ìlà kékeré méjì. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bó bá kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” lásán, orúkọ ẹ̀, oyè ẹ̀, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, àti ẹṣin kan tó fi ABD yà, gbogbo ẹ̀ á tẹ̀lé e wọlé. Ìlà mẹ́rìnlélógún! Láti ìgbà pípẹ́ nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ to oyè sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà máa ń kọ́kọ́ fa ìlà kékeré méjì lọ́tọ̀, báyìí:

--

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, ìyókù di ìyangàn. Mo wá ní kí ẹ̀rọ lísìtì máa gé ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ìlà náà dànù kí lẹ́tà tó jáde síta. Bí ẹṣin ṣe kú nìyẹn. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí Ìyá Ẹkáàárọ̀ fi dé. Nọ́ọ̀sì ni, ohun tó kọ nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà ẹ̀ àkọ́kọ́ sí lísìtì Iṣẹ́ rèé látòkèdélẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ará ilé ńkọ́?” Ó tán. Lọ́jọ́ kejì: “Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú òjò àná.” Lọ́jọ́ kẹta: “Ẹ káàárọ̀. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó.” Ẹnì kan dá a lóhùn pé, “Ìyá Ẹkáàárọ̀, a ti jí o!” Irínwó èèyàn rẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìkìlọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì pé lísìtì Iṣẹ́ kì í ṣe ojú ọ̀nà tí èèyàn ti ń kí ara wọn. Ó fèsì pẹ̀lú ìkíni.

Lọ́jọ́ kọkànlá yìí gan-an la fẹ́ tú ẹ̀dà tuntun sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Tí aago mẹ́rin bá ti lù, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì á fà á wọlé fúnra wọn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó rí báyẹn, mo máa ń fẹ́ kí lísìtì Iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi lè rójú sọ ọ́. Ni lẹ́tà tún wọlé: “Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú sùúrù.”

“Sùúrù wo?” Mo pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà.

Màámi gbójú sókè níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ fèrèsé ni wọ́n ń ṣẹ́ létí, ẹnu wọn sì kún fún abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ṣé obìnrin yẹn ni?”

“Òun ni, mà. Òní ni òun àtèmi pínyà.”

“Ta ló ti ń jẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí?”

“Màámi, irínwó èèyàn ló wà níbẹ̀. Ta ló ráyè ìkíni?”

“Irínwó èèyàn, ọjọ́ mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ.” Wọ́n mi orí. “Ìwọ ọmọ yìí, èèyàn kì í kíni lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lásán. Ẹni tó ń kí ọ tó ń tún ọ kí, ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀.”

“Kó sọ ọ́ nígbà náà!”

Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń yọ èèyàn. Aago kan ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ojú ewé yẹn máa ń to gbogbo lẹ́tà tí onítọ̀hún ti kọ, bó ṣe wọlé gan-an kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ìwọ̀n àyè tí kọ̀ọ̀kan gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà ìlà mẹ́ta kì í wọ̀n ju méjì lọ. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì ìyọkúrò nígbà tí ojú mi bọ́ sórí ìwọ̀n tiẹ̀. Mẹ́fà. Mẹ́jọ. Méje. Mọ́kànlá. Ìkíni wo ló wúwo tó báyìí? Mo ní àbí obìnrin yìí ń fi àwòrán ránṣẹ́ ni. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ kí n lè rí ẹ̀ṣẹ̀ tí màá kà sí i lọ́rùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ará ilé ńkọ́?” Lábẹ́ ẹ̀, ìlà kékeré méjì. Lábẹ́ ìlà kékeré méjì, ọ̀rọ̀.

“Ohun tó gbé mi wá ni pé mo gba ẹ̀dà ìdánwò yín sórí kọ̀ǹpútà wa lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, ètò yín sọ pé fíríìjì wà ní mẹ́rin, ibi tó yẹ kó wà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, yìnyín ti bo àwọn ìgò abẹ́rẹ́. Mo wo ojú tẹ́mómítà fúnra mi. Ìlà kékeré kan wà níwájú mẹ́rin náà. Lójú ètò yín, ìlà náà ò sí.”

Mo fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Mẹ́rin dára fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mẹ́rin tí ìlà wà níwájú ẹ̀ ti rẹ̀ sísàlẹ̀ òdo, omi ti ń dì níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó bá sì yọ́ padà, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gún un fọ́mọ, ọmọ á ké, ìyá á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n á forúkọ ẹ̀ sínú ìwé pé ó ti gbà á. Kò gba nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ètò wa ń jẹ nílé ayé ni pé kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀, òun náà ló wá ń sọ pé kò sí wàhálà.

Mo ka gbogbo ẹ̀. Nínú lẹ́tà kẹta ó béèrè bóyá ojú òun ni kò ríran dáadáa. Nínú ìkẹrin ó ní ọ̀gá òun sọ pé ẹ̀rọ kì í parọ́, òun ló gbàgbé nǹkan nínú fíríìjì, kóun yé da àwọn ìyá ọlọ́mọ láàmú. Nínú ìkẹfà ó ní, “Ọmọ mẹ́tàlélógún ni mo gún láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Tí ẹ bá lè kọ ìlà kan péré pé ètò yín ló ṣi í kà, ọ̀gá mi á jẹ́ kí n pè wọ́n padà.” Èyí tó wọlé lọ́sàn-án yẹn ló gùn jù. Mi ò lè gbàgbé ìparí ẹ̀ títí tí màá fi kú:

“Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi ń dé, torí ẹnì kan nínú yín sọ mí lórúkọ. Orúkọ náà ò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé aago mẹ́rin òní lẹ fẹ́ fi nǹkan yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe é. Mo fi ọmọ bẹ̀ yín.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wojú Màámi. Ẹ̀rọ lísìtì kì í dá lẹ́tà èèyàn padà fún un, obìnrin náà ò lè mọ̀ láéláé pé ìkíni nìkan là ń rí. Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e lẹ́nu lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, tí mo tún wá ń bínú pé kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Aago méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo da gbogbo lẹ́tà ẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí lísìtì Iṣẹ́, mo kọ ọ́ sókè pé, “Ẹ dákun, ẹ ka èyí kíákíá.” Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀kan ní, “Ẹ káàsán náà o, Ìyá Lísìtì.” Òmíràn ní, “Ó ti ràn yín? Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Onítọ̀hún ẹlẹ́ṣin fi ẹ̀rín mẹ́fà ránṣẹ́. Mo wò ó, mo tún un wò. Ọwọ́ ìkánjú ni mo fi da lẹ́tà náà kọ, tòun ti ìlà méjèèjì, òfin mi sì ti gé èmi náà.

Mo sáré lọ síbi tí òfin wà láti pa á rẹ́. Ẹ̀rọ dá mi lóhùn pé lóròòru nìkan lòun máa ń ka òfin tuntun, aago méjìlá. Èmi náà ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí nǹkan lè tò. Mo bú sígbe.

“Kí ló dé?” Màámi ti dìde.

“Màámi, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni, ẹ̀rọ ń gé e. Ìlà kan ló wà níwájú ọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà, ẹ̀rọ ń gé e!”

Wọ́n wojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wojú mi. “O ò ṣe wá pa ìlà rẹ́?”

Báyìí náà ni. Mi ò nílò àtipa òfin rẹ́, ìlà ni kí n pa rẹ́ nínú lẹ́tà. Tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ẹkún mi bò mí lójú. Mo pa ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá rẹ́, mo tún lẹ́tà fi ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù ni Kò-sọ́la. Òun ló ń tú ẹ̀dà tuntun sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun nìkan. A sọ ọ́ ní Kò-sọ́la torí pé kò sún ọjọ́ síwájú rí, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó jù mí lọ dáadáa, àmọ́ tó bá ti gbọ́ “ẹ jẹ́ ká dúró,” etí ẹ̀ á di.

“Ìyá Lísìtì, mo ka nǹkan tẹ́ ẹ kọ. Nọ́ọ̀sì kan péré.”

“Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà mọ́kànlá ni.”

“Ẹnì kan náà ló kọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Gbogbo ìdánwò wa ló yege. Ẹ rántí òfin: a kì í dá ìtúsílẹ̀ dúró àyàfi tí ẹlòmíì bá fojú ara ẹ̀ rí àléébù náà. Ta ló ṣòfin yẹn?”

Èmi ni. Ẹnì kan ló ti pariwo iná nígbà kan rí tí kò sí èéfín.

“Ẹ fún mi ní àyè,” mo ní.

“Mẹ́rin ni mẹ́rin,” ó ní. “Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, tí mo bá ti rí i, màá ṣe ohun tó yẹ. Tí mi ò bá rí nǹkan, ó ń lọ.”

Gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí la ní tẹ́mómítà kékeré kan nílé, olójú tíńtín, okùn ẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí àga nínú ilé ìdáná, mo ti tẹ́mómítà bọ inú fírísà lókè fíríìjì wa, mo fi ilẹ̀kùn há okùn ẹ̀ díẹ̀. Mo gba ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà, mo tan án. Ó kọ ọ́ sójú pé: 26. Èmi àti Màámi dúró tì í. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ilẹ̀kùn tí kò pa dé dáadáa ò jẹ́ kó tètè tutù. 19. 15. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Màámi ní kí n jókòó, mo ní mi ò lè jókòó. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà ní 9. Lẹ́yìn náà 6, àwọ̀ ewé yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ pé Ó DÁRA. Ó di 3. Ó di 1, àwọ̀ pupa yọ, agogo ń dún pé ó ti tutù jù. Ó di 0.

Ó dúró lórí òdo fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbàdúrà, mi ò sì mọ èwo ni kí n gbà: pé kí obìnrin náà jàre ni, àbí pé kó jẹ̀bi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà yí. 1.

“Ó ń gbóná padà?” Màámi béèrè.

2. Agogo dákẹ́. Àwọ̀ ewé yọ. Ó DÁRA. 3. 4.

Màámi ti ọwọ́ bọ fírísà, wọ́n sì tètè fà á jáde. “Gbóná kẹ̀? Ìka mi ti kú!” Wọ́n tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa tẹ́mómítà náà wá sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n sì yí ojú ẹ̀ sí mi. Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀, 5. Lójú kọ̀ǹpútà, 5, Ó DÁRA.

Mo ya àwòrán ẹ̀: ọwọ́ Màámi, yìnyín, tẹ́mómítà, kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ nínú àwòrán kan náà. Ìgbà mẹ́ta ni mo yà á kó tó hàn dáadáa. Mo fi ránṣẹ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo pe Kò-sọ́la, fóònù ẹ̀ ò wọlé. Mo tún pè é. Kò wọlé. Lísìtì ti gbóná báyìí, gbogbo wọn ń kígbe orúkọ ẹ̀, ọmọ èèyàn irínwó tí kò sẹ́nì kan nínú wọn tó ní kọ́kọ́rọ́. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Màámi wé ìka wọn sínú etí aṣọ, wọ́n ń wojú aago ara ògiri.

Ìgbà karùn-ún ni ó tó gbé e. Ariwo bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwòrán.”

“Mò ń wò ó.” Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé òun fẹ́ bọ́. “Ìyá Lísìtì.” Ohùn ẹ̀ ti yí padà. “Àwọn tẹ́mómítà kan wà tó máa ń fi ìlà sáàárín orúkọ ara wọn àti nọ́ńbà. Ó ń dà mí láàmú, ojú ewé ò mọ́. Mo wá ní kí ètò máa yọ gbogbo ìlà dànù. Gbogbo ẹ̀. Mi ò rò ó pé…”

Mo ti to èébú sẹ́nu láti ìgbà tí mo ti ń wo 1, 2, 3. Gbogbo ẹ̀ poora. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Òun náà fẹ́ kí nǹkan tò.

“Ẹ dá a dúró, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mò ń dá a dúró. Ẹ má pa fóònù.” Mo gbọ́ tó ń mí. Ó pẹ́, tàbí ó jọ pé ó pẹ́. “Ó ti dúró.”

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà bá wọn ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù obìnrin náà wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ fún wa.

Mo pè é, ó sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ń la ẹnu láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. “Ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa lẹ wà?”

“Dáadáa ni, mà. Ẹ káàsán, mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?”

“Ó wà, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ará ilé yín ńkọ́?”

“A dúpẹ́. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. “Mà, a ti ka lẹ́tà yín.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mà. Òótọ́ lẹ sọ. A ti dá a dúró. Màá kọ ìwé sí ọ̀gá yín lónìí.” Lẹ́yìn náà mo sọ èyí tó kù, torí pé tí mi ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè sùn: pé òfin mi ló ń gé ọ̀rọ̀ ẹ̀, pé ìkíni nìkan la rí, pé mo ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò lọ́sàn-án yìí.

Mo rò pé á bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. “Háà,” ó ní. “Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìgbaṣẹ́ wa níbí nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ fiṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́wọ́, màá kọ́kọ́ kí i, màá fa ìlà, màá wá sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Kí ó má bàa rò pé ìkíni ni gbogbo ẹ̀.”

Mo béèrè àwọn ọmọ mẹ́tàlélógún náà.

“Mo rí mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá ò gbà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wá wọn kiri tí iṣẹ́ bá parí. Ó ku mẹ́rin.” Ó mí kanlẹ̀. “Àwọn òbí wọn ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan lójú ọ̀nà wa. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ síbẹ̀ kí n tó gbọ́ èsì yín, kí n má lọ dẹ́rù bà wọ́n lásán. Iṣẹ́ náà parí lọ́jọ́ kẹjọ tí mo ti ń kọ lẹ́tà sí yín. Wọ́n ti tú ká. Àwọn ìyá wọn rò pé ọmọ àwọn ti gba abẹ́rẹ́.”

Ọjọ́ kẹjọ. Mo rántí lẹ́tà ọjọ́ yẹn. “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́.” Ọjọ́ yẹn ni mo kọ ìkìlọ̀ kejì.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, kí n máà sunkún, iṣẹ́ là ń ṣe. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n bá òun kí ará ilé mi.

Lóru ọjọ́ náà òfin mi kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹṣin oníyangàn yẹn jí padà, ìlà mẹ́rìnlélógún, mi ò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tó di aago méje àbọ̀, lẹ́tà Ìyá Ẹkáàárọ̀ wọlé: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Mo jẹ́ ẹ kí n tó kà á dópin. Ẹlòmíì jẹ́ ẹ, òmíràn tún jẹ́ ẹ, Kò-sọ́la béèrè ará ilé ẹ̀, títí lísìtì Iṣẹ́ fi kún fún “ẹ káàárọ̀” látòkèdélẹ̀. Màámi ní kí n ka ìyókù sókè. Mo wo ìsàlẹ̀ ìlà kékeré méjì.

“Mo rí ọ̀kan lánàá. Ó ku mẹ́ta.”